Ìgbésí Ayé George Stinney, Ọmọ Ọdún 14

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ọba tàbí ti jagunjagun. Ìtàn ọmọdé ni. Ọdún kan péré ló fi ju èmi lọ nígbà tí wọ́n pa á, ìyẹn ló jẹ́ kí ìtàn náà wọ̀ mí lọ́kàn gan-an nígbà tí mo kà á.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1929 ni wọ́n bí George Stinney ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Adúláwọ̀ ni òun àti àwọn òbí rẹ̀. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Alcolu ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ilé tí wọ́n sì ń gbé gan-an, ti ilé iṣẹ́ náà ni. Ojú irin rélùwéè ló pín ìlú sí méjì: àwọn òyìnbó wà ní apá kan, àwọn adúláwọ̀ wà ní apá kejì. Ilé ìwé wọn náà yàtọ̀, òfin ìgbà yẹn ló ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọbìnrin òyìnbó méjì gun kẹ̀kẹ́ jáde láti lọ wá òdòdó. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 7. Nígbà tí wọ́n ń kọjá nítòsí ilé àwọn George, wọ́n bi òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin bóyá wọ́n mọ ibi tí òdòdó wà. Àwọn ọmọ náà kò padà sílé mọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú wọn nínú kòtò kan. Ẹnì kan ti lù wọ́n lórí pa.

Nítorí pé George bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá wá mú un. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè. Bàbá kò sí níbẹ̀, ìyá kò sí níbẹ̀, lọ́yà kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá ní ó ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí George fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n lé bàbá rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rù sì mú kí gbogbo ẹbí sá kúrò nílùú. Bó ṣe ku George nìkan ní àtìmọ́lé nìyẹn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní ìlú Manning. Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe adájọ́ ló máa ń dá sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi. Wọ́n máa ń yan ará ìlú 12 láti gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì pinnu. Ọkùnrin òyìnbó ni gbogbo àwọn 12 tí wọ́n yàn fún ẹjọ́ George. Ìdí ni pé inú orúkọ àwọn tó ń dìbò ni wọ́n ti ń yàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kì í fẹ́ kí adúláwọ̀ dìbò. Èrò kún kóòtù bámúbámú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí adúláwọ̀ wọlé. Lọ́yà tí wọ́n fún un ń wá ipò òṣèlú lọ́wọ́ nígbà yẹn. Kò ta ko ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá, kò sì pe àbúrò George kó wá sọ pé àwọn jọ wà pa pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Ìṣẹ́jú 10 péré ni àwọn 12 yẹn fi pinnu pé ó jẹ̀bi. Ìṣẹ́jú 10! Ìlà oúnjẹ wa ní dáínìn họ́ọ̀lù máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adájọ́ ní kí wọ́n pa á, lọ́yà rẹ̀ kò sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ bẹ gómìnà, Olin Johnston, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1944, wọ́n fi àga oníná pa George ní ìlú Columbia. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe àga náà fún, ó tóbi jù fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n mú un títí di ọjọ́ tí wọ́n pa á, kò tíì pé oṣù 3.

Àwọn àbúrò rẹ̀ kò gbàgbé. Ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ti darúgbó, àwọn lọ́yà kan bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí kóòtù. Wọ́n wá sọ ohun tí kóòtù kò bi wọ́n ní 1944. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, adájọ́ obìnrin kan, Carmen Mullen, fagi lé ìdájọ́ náà. Kò sọ ẹni tó pa àwọn ọmọbìnrin yẹn o. Ohun tó sọ ni pé wọn kò ṣe ẹjọ́ George bó ṣe yẹ, lọ́yà rẹ̀ kò gbèjà rẹ̀, ìjẹ́wọ́ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmọdé tó dá wà kò sì ṣeé gbára lé. Ohun tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 bàjẹ́, ọdún 70 ni wọ́n fi tún un ṣe. Àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn pàápàá kò rí ìdájọ́ òdodo gbà.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní táàmù tó kọjá, mílíìkì ẹnì kan sọnù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. A ní ọmọ kan ló jí i, torí òun la rí nítòsí lọ́kà. Èmi náà wà lára àwọn tó nawọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó ni mílíìkì rí i lábẹ́ aṣọ nínú àpótí ara rẹ̀, ó ti gbàgbé pé ibẹ̀ lòun fi sí. A lọ bẹ ọmọ náà, ó sì dárí jì wá. Òun wà láyè láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa. George kò sí láyè mọ́ nígbà tí kóòtù gbà pé àwọn ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ tẹnu èèyàn ká tó dá a lẹ́bi.