Otunba Payne, akọ̀wé kóòtù tó túmọ̀ àrokò

Lára iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ẹni tó ń kọ́ coding ni pé kó kọ prógíráàmù tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ di Morse, kó sì máa dá Morse padà di ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Tábìlì kan ṣoṣo ni. A jẹ́ ìró kúkúrú kan àti ìró gígùn kan, B jẹ́ ìró gígùn kan àti kúkúrú mẹ́ta, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Z. Prógíráàmù á mú lẹ́tà, á wá àmì rẹ̀ nínú tábìlì, á gbé e jáde. Tó bá fẹ́ dá a padà, á yí tábìlì náà sódì. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé Yorùbá fún un kí ẹ wo wàhálà. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú tábìlì náà. Ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn lẹ́tà tó ní àmì lórí ráàyè wọ inú rẹ̀ nítorí àwọn èdè Yúróòpù tó ń lò wọ́n, kì í ṣe nítorí tiwa. Ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀, oko tó ń ro gan-an, OKO kan náà ni gbogbo wọn á bá jáde lódì kejì. Ẹni tó gbà á ni yóò fi làákàyè rẹ̀ mọ èwo ni wọ́n ń sọ.

Àwa náà ní ọ̀nà tiwa láti di ọ̀rọ̀ sínú nǹkan ká sì fi ránṣẹ́, àrokò la ń pè é. Ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́ ká rí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ni John Augustus Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ gíga Èkó. Àwa tá a ka lọ́ọ̀ mọ orúkọ Sapara Williams, a mọ orúkọ àwọn adájọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí registrar? Bẹ́ẹ̀ ìwé tí registrar kò bá fi sínú fáìlì, kò sí adájọ́ tó máa rí i.

Sierra Leone ni wọ́n ti bí Payne ní 1839, láàárín àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì ń ka ara rẹ̀ mọ́ ìdílé ọba níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Otunba tó wà láàárín orúkọ rẹ̀ ti wá, kò sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó fẹ́ kí orúkọ wọn dún bíi ti òyìnbó pátápátá. Kò pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 tí ó fi dé, ó wọṣẹ́ kóòtù, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di akọ̀wé àgbà. Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìjọba lọ ló ń tẹ almanac tirẹ̀ jáde láti bí 1874: ọjọ́ tí ọba jẹ, ọjọ́ tí ọba wàjà, ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn tó di ipò mú nílùú. Onítàn tó bá ń wá déètì nípa Èkó ayé ìgbà náà, ó ṣòro kó má kan Payne.

Ní 1886, okùn tẹligíráàfù tó gba abẹ́ òkun dé Èkó. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé London lóòjọ́, ní ìró kúkúrú àti ìró gígùn. Ní 1887, ọdún kan péré sí ìgbà náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bloxam tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní London, lórí àrokò Ìjẹ̀bú. Ọ̀dọ̀ Payne ni àwọn àrokò náà ti wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Olórí ogun Ìjẹ̀bú kan ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba tó wà lẹ́yìn odi: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan. Mẹ́fà ni ẹ̀fà, inú ẹ̀fà la ti gbọ́ fà. Ìyẹ́ la fi ń ro etí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi kò lè ju etí rẹ lọ, nítorí náà, mò ń retí kí n fojú kàn ọ́ kíákíá. Owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan ló sọ gbogbo ìyẹn o. Ẹ sì kíyè sí i pé ohùn ọ̀rọ̀ ló gbé iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó ẹyọ náà dé mẹ́fà, kò ní rí fà níbẹ̀. Ohun tí Morse ń jù nù gan-an ni àrokò fi ń sọ̀rọ̀.

Òmíràn kan Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Ọba Ìjẹ̀bú ló fi ránṣẹ́ sí Ọba Èkó nígbà tó padà sórí ìtẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, 1851. Akítóyè nìyẹn, lẹ́yìn tí ìbọn ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Ìgà Ìdúngànrán. Owó ẹyọ mẹ́jọ wà níbẹ̀, tí díẹ̀ dojú sókè láti fi ìfẹ́ hàn. Kóró ayò méjì wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ ló ń bá ọ̀rẹ́ ta ayò. Kóró ọsàn méjì wà níbẹ̀, láti inú sàn, pé kí nǹkan dán mọ́rán láàárín wa. Àlàáfíà àti ìròyìn ayọ̀ ni Payne ní ó túmọ̀ sí.

Mi ò jiyàn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á. Àmọ́ Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ sá lọ, abẹ́ Ìjẹ̀bú sì ni Ẹ̀pẹ́ wà. Ọba kan náà tó ní kí Akítóyè wá bá òun ta ayò ló gba ọ̀tá Akítóyè sílé. Kò sí tábìlì tó lè sọ èyí fún yín. Tí ọmọ wa kan bá fẹ́ kọ prógíráàmù àrokò (mo fẹ́ kí ẹnì kan gbìyànjú ẹ̀), yóò rọrùn fún un láti fi fà sí iwájú mẹ́fà. Ta ló rán an, ta ló rán an sí, kí ló ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ tó kàn Payne fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1891, Denton tó ń di ipò gómìnà mú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà. Ìjẹ̀bú kò gba ẹ̀bùn rẹ̀, wọn kò sì ṣí ọ̀nà fún òwò. Ìjọba Èkó ka èyí sí ìwọ̀sí. Nígbà tí Gómìnà Carter dé, ó ní dandan ni kí Awùjalẹ̀ tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1892, ikọ̀ Awùjalẹ̀ wá sí Èkó. Wọ́n tọrọ àforíjì. Carter gbé ìwé àdéhùn síwájú wọn: kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí owó bodè dópin, ìjọba á sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Ikọ̀ náà kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ni wọ́n bá wá ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tó ń gbé Èkó, tí wọ́n mọ̀wé, kí wọ́n bá wọn fọwọ́ sí i. Jacob Williams ni ọ̀kan. Otunba Payne ni ìkejì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ọ̀ nípa aṣojú ni pé ta ló fún un láṣẹ? Awùjalẹ̀ kò rán Payne níṣẹ́. Gómìnà tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń sanwó oṣù rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ikọ̀ náà gbọ́ ohun tó wà nínú àdéhùn, pé kí ẹni tó mọ̀wé bá wọn kọ orúkọ kì í ṣe ọ̀ràn. Ó ṣeé sọ, ṣùgbọ́n mi ò rò pé lọ́yà tó mọṣẹ́ á fẹ́ dúró lórí ẹ̀. Láàárín àwọn tí ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n kọ̀ ń sọ̀rọ̀, kéèyàn má fọwọ́ kan bírò, iṣẹ́ tó jẹ́ fún ọ nìyẹn. Ìjẹ̀bú ti kọ ẹ̀bùn Denton lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo Èkó ló sì mọ ìtumọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé ẹnì kan wà tó yẹ kó ka kíkọ̀ náà ju ọkùnrin tó túmọ̀ owó ẹyọ mẹ́fà fún London lọ. Síbẹ̀, ó gbé bírò.

Mi ò ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó rò pé ìwé yẹn ló máa dá ogun dúró, àwọn kan ní Èkó sì ń fẹ́ ogun náà gidi. Ṣùgbọ́n ìwé tó fọwọ́ sí ló di ẹ̀sùn. Kò pẹ́ tí wọ́n ní Ìjẹ̀bú dá míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà, pé Awùjalẹ̀ ti da àdéhùn. Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ kọjá pẹ̀lú ìbọn Maxim. Wọ́n bá àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú létí odò Yemoji, nítòsí Ìmàgbọ̀n, wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní 1893, Payne tẹ ìwé kan jáde ní Èkó, Table of Principal Events in Yoruba History, ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ lójú ewé lójú ewé. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù rẹ̀ nígbà yẹn. Ó kú ní 1906.