Charles Kettering: ẹni tí ó gba apá awakọ̀ lọ́wọ́ irin

Lónìí, bí awakọ̀ bá fẹ́ gbéra, kọ́kọ́rọ́ ni yóò yí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ a sì dáhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ìgbà náà, iwájú ọkọ̀ ni awakọ̀ ń dúró sí. Yóò ki irin kan tí ó tẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, yóò sì fi gbogbo agbára yí i. Irin náà ni àwọn Faransé ń pè ní manivelle. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ a ta padà lójijì, irin náà a sì gbá ẹni tí ń yí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣẹ́ lápá. Ó fọ́ àwọn mìíràn lágbọ̀n. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi òpin sí ewu yìí ni Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1876 ni wọ́n bí Kettering, ní oko kan nítòsí ìlú Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, òun sì ni ìkẹrin. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dára. Bí ó bá kàwé pẹ́, ojú a máa dùn ún, orí a sì máa fọ́ ọ. Síbẹ̀ ó parí ilé ẹ̀kọ́, ó sì di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní abúlé.

Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio. Àìsàn ojú kò jẹ́ kí ó dúró. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó sì lọ bá àwọn tí ń na wáyà tẹlifóònù ṣiṣẹ́. Wọ́n ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n ń na wáyà láti abúlé dé abúlé. Iṣẹ́ alágbára ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Kettering ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ohun tí iná mànàmáná jẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ sàn díẹ̀, ó padà sí yunifásítì. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan náà ń ka ìwé sókè fún un, òun a sì máa tẹ́tí sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1904. Ó ti ń súnmọ́ ọmọ ọdún 28 nígbà náà. Ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò dí i lọ́wọ́.

Ní ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Dayton gbà á síṣẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣírò owó, tí wọ́n sì ń kó owó pamọ́ sí, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà. Kettering fi mọ́tọ̀ kékeré tí ń lo iná mànàmáná sí i lára. Níbi iṣẹ́ yìí ni ó ti kọ́ ohun kan tí yóò wúlò fún un lọ́la. Mọ́tọ̀ kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá, bí iṣẹ́ náà kò bá ti pẹ́, tí mọ́tọ̀ náà sì rí àyè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni alábàárù ṣe lè gbé àpò wúwo láti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà dé ìdí ọkọ̀, bí kò tilẹ̀ lè rù ú rin ìrìn ọjọ́ kan.

Kettering àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edward Deeds, dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1909. Delco ni orúkọ rẹ̀. Inú abà kan lẹ́yìn ilé Deeds ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ àti ní ọjọ́ ìsinmi ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní àkókò náà, Henry Leland ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ Cadillac. Ó fẹ́ kí irin tí ń ṣẹ́ni lápá kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé kò ṣeé ṣe. Èrò wọn ni pé mọ́tọ̀ tí yóò yí ẹ̀rọ ọkọ̀ ní láti tóbi tó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kettering rántí ẹ̀rọ ìkówósí. Ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni mọ́tọ̀ náà yóò fi ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1911, ohun tí ó ṣe wà lára ọkọ̀ Cadillac kan, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 jáde pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò lágbára púpọ̀ pàápàá lè dá ọkọ̀ rẹ̀ wà láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n ńlá kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ó ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì láti yí ẹ̀rọ ọkọ̀. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ni ẹ̀rọ ọkọ̀ yóò máa yí, yóò sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Ohun tí bátìrì yá ọkọ̀, ọkọ̀ a san án padà. Iná náà ni ó ń tan àtùpà ọkọ̀ pẹ̀lú.

Lónìí, iṣẹ́ méjèèjì ti pínyà. Démarreur ń yí ẹ̀rọ, alternateur sì ń dá iná padà sínú bátìrì. Àwọn kan ń fi alternateur tí ó lágbára sí i sínú ọkọ̀ wọn, nítorí ẹ̀rọ orin ńlá tàbí iná púpọ̀. Òfin tí Kettering tẹ̀lé kò yí padà. Bí iná bá pọ̀ sí i, wáyà ní láti nípọn sí i, láti alternateur dé bátìrì, àti wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀. Fíúsì tí agbára rẹ̀ bá wáyà náà mu sì ní láti wà nítòsí bátìrì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé iná púpọ̀ a máa gbóná, ó sì lè dá iná sọ ọkọ̀.

Kettering kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1916, Delco bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ kékeré tí ń fún ilé àwọn àgbẹ̀ ní iná, níbi tí wáyà ìjọba kò dé. Láti ọdún 1920 dé 1947, òun ni olórí ìwádìí ní ilé iṣẹ́ General Motors.

Níbẹ̀ ni ìtàn náà ti yí padà. Àwọn ẹ̀rọ ọkọ̀ ayé ìgbà náà ń kanlẹ̀ gbà-gbà bí ẹni pé òòlù wà nínú wọn. Ní ọdún 1921, Thomas Midgley, tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Kettering, rí i pé bí a bá po èròjà kan tí ó ní òjé mọ́ ẹ̀sáǹsì, ariwo náà a dákẹ́. Ní ọdún 1923, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Májèlé sì ni òjé. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe èròjà náà ní Bayway, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Àwọn onímọ̀ kan kìlọ̀. Kettering àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ èròjà náà sílẹ̀.

Igi gànńgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Wọn kò wò ó lókèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín ọkọ̀ gbé òjé sínú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ní gbogbo ayé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni a tó mú un kúrò nínú ẹ̀sáǹsì ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àlùjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ó fi í sílẹ̀ kẹ́yìn láyé, ní ọdún 2021.

Ní ọdún 1945, Kettering àti Alfred Sloan dá ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní New York. Ní ọdún kejì, àrùn yìí kan náà pa ìyàwó rẹ̀, Olive. Kettering fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1958, ní ọmọ ọdún 82. Ìlú kan nítòsí Dayton ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ojú tí kò ríran dáadáa kò dá Kettering dúró. Ó lo etí, ó lo ọwọ́, ó lo ọ̀rẹ́, ó sì di ọ̀mọ̀wé. Èyí yẹ fún àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá mọ nǹkan í ṣe gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí nǹkan náà yóò já sí. Ọwọ́ kan náà tí ó gba apá awakọ̀ là ni ó po òjé mọ́ epo.