Alhaja Humuani Alága, Oníṣòwò Aṣọ ní Gbági

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, bí ènìyàn bá gba Ojà'ba kọjá sí Bẹẹrẹ, tí ó sì rìn títí dé Oníyanrìn, ohùn àwọn ọmọ kéékèèké tí ń ka wàláà ni yóò máa gbọ́ láti agboolé dé agboolé. Àáfáà ni olùkọ́ wọn, orí ẹní ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nínú ìlú Ìbàdàn jọjọ, ṣùgbọ́n nínú ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, díẹ̀ ni wọ́n. Ọwọ́ àwọn ìjọ Kristi ni irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Láti 1853, nígbà tí Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, ni ìwé àti ìrìbọmi ti ń bá ara wọn rìn. Ẹ̀rù a máa ba òbí Mùsùlùmí pé Sule lè jáde nílé ní òwúrọ̀, kí ó sì jẹ́ pé Solomon ni yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́.

Inú irú ìlú yìí ni a bí Humuani sí. Àáfáà tí ó tún ń ṣòwò ni bàbá rẹ̀. A kọ́ ọmọbìnrin náà ní kéú, a sì kọ́ ọ ní òwò, ṣùgbọ́n a kò fi í sí ilé-ìwé òyìnbó. Nígbà tí ó dàgbà, ó yan òwò aṣọ ní Gbági. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì ti pàgọ́ sí agbègbè ibùdókọ̀ náà. Àwọn ni wọ́n ń kó aṣọ wá láti òkè òkun. Àwọn obìnrin ìlú a sì rà á lọ́wọ́ wọn, wọn a gé e sí ọ̀pá-ọ̀pá fún ará ilé àti ará oko. Humuani mọ òwò yìí débi pé ó di olórí láàrin àwọn aláṣọ.

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò láti Lẹ́bánónì, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Kóráà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ ní ọ̀pá-ọ̀pá pẹ̀lú. Ní 1938, Humuani kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn lọ sí ààfin Olúbàdàn Okùnọlá Àbáṣì. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a fi òwò péépèèpé sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀, kí àlejò tí ó ní owó púpọ̀ má baà gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹ̀bẹ̀ náà kì í ṣe ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti dá ẹjọ́ rẹ̀, nítorí ibi tí ọjà bá ti pọ́ọ́kú ni òǹrajà ń wò, kì í bèèrè ìlú tí òǹtajà ti wá.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ Humuani di ẹni ìrántí yàtọ̀ sí ti aṣọ. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ kí ó ka ìwé jù ú lọ. A kò gba ọmọ náà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́, nítorí pé Mùsùlùmí ni. Owó kọ́ ni kò sí. Ìyá rẹ̀ ní i.

Ní àkókò náà, ohùn àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá kò ṣọ̀kan lórí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Àwọn kan wí pé ìjọba ń fi owó gbogbo ìlú ran ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lọ́wọ́, nítorí náà ó tọ́ kí ìjọba pàṣẹ pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé fún wọn, bí ìjọba Èkó ti ṣe ní 1896. Àwọn mìíràn sì wí pé ẹni tí ó ni ilé ni í pàṣẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi àṣẹ tì wọ inú ilé onílé, orin onílé ni yóò máa kọ. Àwọn wọ̀nyí a máa tọ́ka sí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí ó sì ń kọ́ ilé-ìwé tirẹ̀. Ẹjọ́ àwọn ti ìṣáájú kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ìjọ ti fi bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn, pẹ̀lú owó láti òkè òkun. Báwo ni a ṣe lè sọ fún ẹni tí a ti fi sẹ́yìn pé kí ó dá nìkan sáré bá wọn?

Humuani, tí ó ti lọ bẹ̀bẹ̀ ní ààfin ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò tún dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní 1958, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí mìíràn dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àsìkò náà wọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955; ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọlé yóò sì parí ní 1960. Ìgbà náà ni wọn yóò máa wá àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà, ti àwọn ọmọbìnrin kò sì pọ̀. Ní 1964, ẹgbẹ́ náà ṣí Isabatudeen Girls' Grammar School. Obìnrin tí kò wọ kíláàsì rí ni ó wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ iye tí ọ̀pá aṣọ kan ń mú wọlé.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ àti ẹgbẹ́ dá sílẹ̀. Ohun tí àwọn ti ìṣáájú ń bèèrè wá dé, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ di ti gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n Isabatudeen náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba, kò sì sí lábẹ́ àṣẹ àwọn tí ó kọ́ ọ mọ́. Alhaja Humuani ṣẹ̀mí rí gbogbo rẹ̀. Ní 1993 ni ó kú, orúkọ tí àwọn obìnrin náà sọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò sì yí padà.