Bessie Smith Àti Àwọn Tó Ń Lù Lẹ́yìn Rẹ̀

Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti òṣèlú, ti obìnrin olórin kan ni. Bessie Smith lorúkọ rẹ̀, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn orin búlúùsì mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ìlú Chattanooga ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1894. Kékeré ló ti di ọmọ òrukàn. Ojú títì ló ti ń kọrin, tí ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Andrew, ń ta gìtá fún un, káwọn èèyàn lè jù wọ́n ní kọ́bọ̀. Ní 1912, ó bá ẹgbẹ́ eléré kan lọ. Ibẹ̀ ló ti bá Ma Rainey, ìyá àgbà nídìí orin búlúùsì.

Ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ Columbia pè é wá gbohùn sílẹ̀ ní New York. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò tíì dé ibẹ̀; ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin ń kọrin sí. Gbogbo ohun tó kọ lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan tó ṣeé tà. Ọjọ́ kejì ni Downhearted Blues tó bọ́ sí i, òun àti Clarence Williams tó tẹ píánò, àwọn méjì péré. Wọ́n ní àwo náà tà tó 780,000 kó tó pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí. Dọ́là 125 ni àdéhùn sọ pé wọn yóò san fún Bessie lórí orin kọ̀ọ̀kan tó bá ṣeé tà. Bí àwo ọ̀hún tà bí omi, kò sí kọ́bọ̀ mìíràn fún un. Ìtàn sọ pé Williams tún ń yọ ìdajì owó yẹn sápò ara rẹ̀, títí Bessie àti Jack Gee, tó fẹ́ ẹ lọ́dún náà, fi lọ ká a mọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Mi ò fi èyí ba àwọn tó ń lù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ o. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Ẹ gbọ́ fèrè Joe Smith, bó ṣe ń dá a lóhùn bí ègbè ṣe ń gba lílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1925, Louis Armstrong ló fọn fèrè sí St. Louis Blues, tí Fred Longshaw sì ń tẹ dùùrù kékeré bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1927, James P. Johnson nìkan ló tẹ píánò sí Back-Water Blues, orin omíyalé tí Bessie fúnra rẹ̀ kọ.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí àwo ò tà mọ́, Columbia já a sílẹ̀ ní 1931. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á lẹ́bàá Clarksdale, ní Mississippi, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1937. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ló lé e padà. Dókítà tó bá wọn lójú ọ̀nà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn dúdú ni wọ́n gbé e lọ tààrà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Philadelphia, síbẹ̀ ibojì rẹ̀ wà láìní òkúta títí di 1970, ọdún 33 gbáko! Janis Joplin, olórin òyìnbó, àti Juanita Green, tó ti bá Bessie ṣiṣẹ́ ilé ní kékeré, ni wọ́n jọ sanwó òkúta náà.

Ẹ̀yin olórin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àdéhùn dáadáa kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwo, ẹ máa wo orúkọ àwọn tó lù ú pẹ̀lú.



Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.