William Wordsworth, Akéwì Ilẹ̀ Adágún

Ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbègbè kan wà tí òkè àti adágún ti kún inú rẹ̀. Yìnyín ayé àtijọ́ ni ó gbẹ́ àwọn àfonífojì ibẹ̀ jin, tí omi sì wá kún wọn. Windermere ni ó gùn jù nínú àwọn adágún náà. Gígùn rẹ̀ ju máìlì 10 lọ. Scafell Pike, òkè tí ó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá ń wá ẹni tí ó sọ agbègbè yìí di olókìkí, William Wordsworth ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìlú Cockermouth ni a bí i sí, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1770. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀. Ọmọ ọdún 7 péré ni Wordsworth nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1778. Wọ́n mú Dorothy, àbúrò rẹ̀ obìnrin, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wọn, ó sì tó ọdún mẹ́sàn-án kí àwọn méjèèjì tó tún fojú kan ara wọn. Ní ọdún 1783, baba wọn náà dágbére fáyé. Báyìí ni Wordsworth ṣe di ọmọ òrukàn pátápátá nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 14.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà ní Hawkshead, láàárín àwọn òkè náà. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ lórí omi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ọkọ̀ kékeré kan tí a so mọ́ igi ní etí adágún Ullswater. Kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tú u, ó sì wà á lọ sí àárín omi lábẹ́ òṣùpá. Lójijì, òkè dúdú gàgàrà kan yọ lẹ́yìn àwọn òkè tí ó wà nítòsí. Bí ó ti ń wa ọkọ̀ sá lọ ni òkè náà ń ga sí i, ó sì dà bí ẹni pé ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Jìnnìjìnnì bo ọmọ náà. Ó yí ọkọ̀ padà, ó dá a padà sí ibi tí ó ti mú un, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ilé pẹ̀lú ọkàn wúwo. Kò gbàgbé alẹ́ yìí títí ó fi dàgbà, ó sì fi í sínú ewì gígùn tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀.

Ní ọdún 1787, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Cambridge. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà ni a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ìsinmi ọdún 1790, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Robert Jones fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Faransé kọjá, wọ́n sì gun àwọn òkè Alps. Láti ìgbà náà, ìrìn ẹsẹ̀ di ara iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bí ó bá ti ń rìn ni ó ń kéwì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Thomas De Quincey, ṣírò rẹ̀ pé ìrìn tí ó rìn láyé kò dín ní máìlì 175,000.

Ní ìparí ọdún 1799, òun àti Dorothy padà sí ilẹ̀ adágún, wọ́n sì ń gbé ilé kékeré kan ní Grasmere. Ní ọdún 1802, bí àwọn méjèèjì ti ń rìn ní etí Ullswater, wọ́n rí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lọ súà, tí afẹ́fẹ́ ń mì wọ́n. Dorothy kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í ṣe ewì tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé ti kọ́ sórí. Ní ọdún 1802 yẹn kan náà ni ó gbé Mary Hutchinson níyàwó. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wọn kò lọ láìní ìbànújẹ́. Ní ọdún 1805, John, àbúrò rẹ̀, bá ọkọ̀ rì sínú òkun. Ní ọdún 1812, ọmọ méjì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀.

Ó kọ ìwé kan fún àwọn àlejò, tí ó sọ ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n gbà àti àkókò tí ó dára jù láti wá. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé ó yẹ kí a ka ilẹ̀ náà sí ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀rọ̀ yìí ni ó padà wá dojú kọ ọ́. Ní ọdún 1844, wọ́n pinnu láti la ọ̀nà rélùwéè láti ìtòsí Kendal dé etí Windermere. Wordsworth, tí ó ti di ẹni ọdún 74, tí Ọbabìnrin Victoria sì ti fi jẹ akéwì ààfin ní ọdún tí ó ṣáájú, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn láti takò ó. Ó bẹ̀rù pé ariwo àti èrò rẹpẹtẹ yóò ba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ jẹ́. Ó tún ní ojú tí ń mọ iyì irú ẹwà bẹ́ẹ̀ kì í là lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn dá a lóhùn pé ó fẹ́ fi ohun rere dun àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú, tí wọn kò ní ẹṣin, tí wọn kò sì ní àyè láti fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Atótónu rẹ̀ kò dá iṣẹ́ náà dúró. Ní ọdún 1845, ọkọ̀ elééfín tí ń kó èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ná orí Windermere; ní ọdún 1847, rélùwéè dé. Ní ọdún kan náà ni Dora, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó fẹ́ràn gidigidi, kú. Wordsworth alára kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1850, wọ́n sì sin ín sí Grasmere.

Rélùwéè kò kọjá ibi tí ó dúró sí ní ọdún 1847 títí di òní; kò dé Grasmere rárá. Ní ọdún 1951, ìjọba sọ ilẹ̀ adágún náà di ọgbà orílẹ̀-èdè tí òfin ń dáàbò bò. Báyìí ni èrò tí Wordsworth kọ sínú ìwé rẹ̀ ṣe wá sí ìmúṣẹ: ilẹ̀ náà di ti gbogbo ènìyàn, a sì ń ṣọ́ ọ. Ohun tí kò rí ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni pé àwọn tí ọkọ̀ ojú irin gbé dé pẹ̀lú lè kọ́ láti fẹ́ràn ohun tí ó fẹ́ràn. Ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ kò sì rí ni pé ẹwà tí a kò bá ṣọ́ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó ní òkè tàbí odò rere ní ìlú rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀.