Harsha: Ọba tó fi gbogbo ilé ìṣúra rẹ̀ ta tálákà lọ́rẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka àwọn ọba ńláńlá tó jẹ ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́, tí kò bá dárúkọ Harsha, ìtàn náà kò tí ì pé. Ó ti lé ní 1,370 ọdún tí ọba yìí ti wàjà, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parun.

Nǹkan bí ọdún 590 ni wọ́n bí i sí ààfin Thanesar, ní àríwá Íńdíà. Prabhakaravardhana ni bàbá rẹ̀. Harsha kọ́ ni àrẹ̀mọ, Rajyavardhana ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rajyashri sì ni àbúrò wọn obìnrin. Kò sí ẹni tó rò pé adé lè kàn án, àfi ìgbà tí ibi wọlé tọ ìdílé náà.

Ibà ló kọ́kọ́ dá bàbá wọn dùbúlẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn rí i pé ọkọ òun kò ní í yè é, ó bọ́ sínú iná. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọba Malwa pa ọkọ Rajyashri, tó jẹ́ ọba Kannauj, tó sì ti obìnrin náà mọ́lé. Rajyavardhana kó ogun lọ, ó ṣẹ́gun Malwa, ṣùgbọ́n Shashanka, ọba Gauda, fi ẹ̀tàn pa á.

Báyìí ni adé bọ́ sórí ọmọ nǹkan bí ọdún 16 ní ọdún 606. Harsha wọ igbó Vindhya lọ láti wá àbúrò rẹ̀. Bana, akéwì ààfin rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń gbé inú igbó ló ràn án lọ́wọ́. Rajyashri ti fẹ́ bọ́ sínú iná nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù.

Harsha so Thanesar àti Kannauj pọ̀, ó fi Kannauj ṣe olú ìlú, ó sì jagun títí tí apá tó pọ̀ ní àríwá Íńdíà fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kọjú sí gúúsù, Pulakeshin Kejì, ọba Chalukya, dá a padà ní odò Narmada.

Ohun tó mú kí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Lára bàbà kan tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ní ọdún 628, wọ́n pe bàbá rẹ̀ ní olùsìn òòrùn, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ ẹ̀yìn Búdà, wọ́n sì pe òun fúnra rẹ̀ ní olùsìn Shiva, òrìṣà àwọn Híńdù. Ilé kan, ẹ̀sìn mẹ́ta! Bí ọjọ́ ti ń lọ, ọkàn rẹ̀ fà sí ẹ̀sìn Búdà. Ó fi owó tó ń wọlé láti àwọn abúlé kan gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ Nalanda, ṣùgbọ́n kò kọ àwọn àlùfáà Híńdù sílẹ̀.

Xuanzang, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà láti Ṣáínà, bá a pàdé. Ní ọdún 643, Harsha pe àpéjọ ńlá sí Kannauj nítorí àlejò yìí. Xuanzang ròyìn pé ilé gogoro tí wọ́n kọ́ fún ère Búdà gbiná, ọkùnrin kan sì yọ ọ̀bẹ sí ọba. Wọ́n ní àwọn àlùfáà Híńdù kan tí inú ń bí ló wà nídìí rẹ̀. Ọba lé 500 nínú wọn kúrò nílùú.

Láti ibẹ̀ ni ọba ti lọ sí Prayag, níbi tí odò Ganges àti Yamuna ti pàdé. Ọdún márùn-márùn ló máa ń ṣe àṣeyẹ ìtọrẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní wọ́n gbé ère Búdà kalẹ̀, ọjọ́ kejì ti òòrùn, ọjọ́ kẹta ti Shiva. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù fún àlùfáà, aláìní àti ọmọ òrukàn. Yàtọ̀ sí ẹṣin, erin àti ohun ìjà, kò ṣẹ́ ohunkóhun kù. Nígbà tí aṣọ ọrùn rẹ̀ pàápàá lọ, ọ̀dọ̀ Rajyashri ló ti tọrọ aṣọ àlòkù kan wọ̀.

Harsha wàjà ní ọdún 647, kò fi ọmọ tó lè jogún ìtẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìjòyè rẹ̀ já ìjọba gbà, ilẹ̀ tó fi ogun kó jọ sì tú ká. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohun tí Harsha gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn kò dúró, ṣùgbọ́n ohun tó fún wọn la ṣì ń sọ dòní.