Vilém Mathesius

Vilém Mathesius (tí a bí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1882, tí ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1945) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ ilẹ̀ Tsẹ́kì. Ó wà lára àwọn tí ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń ṣáájú òmíràn nínú gbólóhùn.

Ìgbésí ayé

Ìlú Pardubice ni a ti bí i, nígbà tí ilẹ̀ Tsẹ́kì ṣì wà lábẹ́ Ọ́stríà-Húngárì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Charles ní Prague, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ní 1912. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ojú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè dá ìwé kà mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń kàwé sí i létí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1926, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ jọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, Roman Jakobson ará Rọ́ṣíà sì wà lára wọn. Ìpàdé yẹn ni ó di Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè Prague, tí Mathesius jẹ́ ààrẹ rẹ̀ títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ni àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn

Mathesius pín gbólóhùn sí méjì: ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, tí olùgbọ́ sábà máa ń ti mọ̀, àti ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀. Ìpín yìí yàtọ̀ sí ti olùwà àti àpólà-ìṣe; ìwé tí Henri Weil kọ ní 1844 ni ó ṣí i lójú sí i. Nínú èdè Tsẹ́kì, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń fi olùwà àti àbọ̀ hàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ lè yí ipò padà: ohun tí a mọ̀ á ṣáájú, ohun titun á kẹ́yìn. Bí ara olùsọ̀rọ̀ bá gbóná ni ohun titun máa ń bọ́ síwájú.

Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá béèrè ní Ìjìó, ní Òkè-Ògùn, pé kí ni Àdùkẹ́ rà, yóò gbọ́ ‘Iṣu ni Àdùkẹ́ rà’. Ohun titun ni ó ṣáájú, láìsí pé inú ń bí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣu ni wọ́n ti ń sọ bọ̀, ‘Iṣu náà, Àdùkẹ́ ti rà á’ ni wọn yóò wí. Iṣu ni ó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò lè gbé ìlànà Mathesius wọ èdè wa láìtún un rán.

Ọdún 1939 ni ó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba Jámánì ti àwọn yunifásítì Tsẹ́kì pa. Mathesius kú ní Prague nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ogun parí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Josef Vachek ṣètò ìwé rẹ̀ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1961. Jan Firbas tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà ní Brno, M. A. K. Halliday mú èrò náà wọ inú gírámà tirẹ̀. Gírámà Halliday ni Ayọ̀ Bámgbóṣé fi ṣe àtúpalẹ̀ Yorùbá nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1966, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, èyí tí ó ṣáájú àlàyé kíkún tí Halliday ṣe lórí ìbẹ̀rẹ̀ àwẹ́-gbólóhùn.